Orúkọ Tí Ìyàwó Sọ Rọ̀kíbátù

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Adégbọlá kọ́kọ́ rí. Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà ti sọ ẹ̀yìn ọjà Ajah di ẹrọ̀fọ̀, obìnrin kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìwọ bàtà, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gbá sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, ó ń wo àwọn sùtánà funfun tó wà lára ògiri bí ẹni tó ń kàwé.

"Àǹtí, ẹ wọlé. Kí ló dé tí ẹ bọ́ bàtà?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin aláṣọ funfun kì í wọ bàtà. Mi ò fẹ́ kí ẹ lé mi jáde ni."

Adégbọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìgbà tí a bá wọ sùtánà la kì í wọ bàtà. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lẹ wà yìí, kì í ṣe ilé àdúrà. Ẹ wá wo bí ẹ ṣe fi ẹrẹ̀ ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́!"

Olúwafúnminíyì ni obìnrin náà ń jẹ́, Níyì ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa ń ka ìtàn Yorùbá tó bá kọ lórí rédíò kan ní Oniru láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìtàn àwọn obìnrin ló ń kọ. Ó ní inú ọ̀rọ̀ ẹnu wa lòun ti ń rí ibi tí a fi obìnrin sí. Ẹ wo àgàn, ẹ wo dálémoṣú. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin, kò sẹ́ni tó ní orúkọ tó máa pè é. Torí ìtàn kan ló ṣe wá béèrè orúkọ oríṣiríṣi aṣọ tí àwọn obìnrin ìjọ aláṣọ funfun ń wọ̀. Wákàtí méjì ló lò lórí ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún.

Láti ọjọ́ yẹn, Adégbọlá gbé rédíò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, kò sí oníbàárà tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

"O tún ti pa obìnrin yẹn nínú ìtàn tòní," ló máa sọ tí Níyì bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́, akọ̀wé mi?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ni kó o bi."

"Gbogbo ọkùnrin inú ìtàn rẹ, ìkà ni wọ́n."

"Mi ò tíì kọ ti télọ̀ ni."

Níyì ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó sọ fún un pé òun ti lọ sílé ọkọ rí, òun ti kó ẹrù òun padà sílé bàbá òun ní Thomas Estate, dálémoṣú sì ni gbogbo àdúgbò ń pe òun tí wọ́n bá rò pé òun ò gbọ́. Adégbọlá ní òun gbọ́. Lóṣù kẹfà, ó gbé aṣọ kan fún un, aláwọ̀ omi ọ̀sà, tó bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n gé e lé.

"O ò wọ̀n mí rí. Báwo lo ṣe mọ̀ bí mo ṣe tó?"

"Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń wò ọ́, Níyì mi. Jẹ́ kí n máa wò ọ́ lọ."

Níyì sunkún sí i lára aṣọ. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á.

Ẹ̀rù ìyá Adégbọlá gan-an ló ń bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé wọn ní Badore, létí ọ̀sà, tí ìyá náà gbọ́ pé Níyì ti kúrò nílé ọkọ kan rí, ó fà á mọ́ra. "Inú mi dùn pé o kúrò níbẹ̀," ló sọ sí i létí. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Láti ìgbà tí Wòlíì, bàbá Adégbọlá, ti kú, àwọn méjì ló kù nínú ilé ńlá náà, ìyá Adégbọlá àti Rọ̀kíbátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àṣà wa ni pé ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Á wá orúkọ tirẹ̀ fún wọn. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìyá Adégbọlá sọ Rọ̀kíbátù. Orúkọ náà dùn lẹ́nu débi pé àwọn apẹja àti ọmọdé Badore ò mọ òmíràn.

Níyì bi ìyá náà nípa rẹ̀ nílé ìdáná níjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹja. Ìyá náà kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

"Páànù lásán ló wà láàárín yàrá wa àti yàrá tiẹ̀," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí Wòlíì bá ń lù mí, ó ń gbọ́. Kò kanlẹ̀kùn rí. Kò tiẹ̀ húkọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, 'Ẹ kú àárọ̀ o, Dákẹ́jẹ́ẹ́.' Inú ẹ̀ dùn. Ó ní ìyàwó òun mọ ìwà òun." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọdún méjìlélógójì rèé. Tí mo bá ti pè é, ara á fúyẹ́ fún mi. Ọmọ mi ò mọ̀ o. Bí Ọlọ́run ló ṣe rí bàbá ẹ̀."

Kò ní kí Níyì má sọ ọ́. Ta ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ń wọ rédíò?

Níyì kọ ọ́. Ó sọ wòlíì di káfíńtà, ó gbé ilé kúrò létí ọ̀sà, ó sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ di àbúrò. Orúkọ yẹn nìkan ló kù. Ó gbìyànjú orúkọ méje, mẹ́jọ mìíràn, kò sí èyí tó ń yìnni tó sì ń buni jẹ bí i tiẹ̀. Òǹkọ̀wé ni, orúkọ náà wọ̀ ọ́ lójú, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí bínú sí i, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ó kà á lọ́jọ́ Sátidé. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ó ti wọ Wásáàpù àwọn obìnrin ìjọ. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọbìnrin etí omi ń pe Rọ̀kíbátù ní Dákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu. Arúgbó náà wọlé, ó bi ìyá Adégbọlá, ìyàwó rẹ̀, pé, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Ìyàwó rẹ̀ sá lọ sílé ìdáná. Láti ọjọ́ yẹn ni arúgbó náà kò ti jẹun mọ́.

Adégbọlá dé Thomas Estate, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Bi màmá rẹ."

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní irọ́ ni. Bàbá mi ló di ọwọ́ mi mú tó kọ́ mi ní abẹ́rẹ́, Níyì. Tó bá jẹ́ irọ́, lọ sọ ọ́ lórí rédíò. Tí kì í bá ṣe irọ́..." Ó jáde.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá. Kò jókòó.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni."

"Mo fẹ́ kí ìwọ gbọ́." Ìyá náà di gèlè rẹ̀ mú. "Ohun kan péré tó jẹ́ tèmi nínú ilé yẹn lo gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè pè é ní Rọ̀kíbátù. Mi ò lè pè é ní ìkejì mọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá pè é. Ó sì ń kú lọ. Sọ fún wọn pé irọ́ ni."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún ti pa ẹnu yín mọ́."

"Ẹnu mi ni. Jẹ́ kí n pa á mọ́ fúnra mi. Má sì jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀, títí láé."

Níyì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ ò tó o mọ́. Ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́: òun ló hùmọ̀ ìtàn náà, irọ́ ni ìtumọ̀ tí òun fún orúkọ náà, òun tọrọ àforíjì. Àwọn olùgbọ́ pè wọlé, wọ́n bú u. Kó tó dìde lórí àga, ọ̀gá rédíò ti sọ fún un pé kó má padà wá. Ní Badore, Rọ̀kíbátù mu ẹ̀kọ gbígbóná ife kan.

Ìta gbangba Oniru ni Adégbọlá dúró sí dè é. Ó sáré pàdé rẹ̀, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé bàbá mi ò lè na obìnrin! Mo ti dárí jì ọ́, olólùfẹ́ mi. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa ṣì dúró. Fọ́tò bàbá mi ni màá kọ́kọ́ gbé kọ́ sí pálọ̀ wa."

Níyì wo ojú rẹ̀. Kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí. Ó rí i pé tí òun bá di ìyàwó ilé náà, òun á máa gbóríyìn fún fọ́tò yẹn láràárọ̀, tàbí kí òun bínú lọ́jọ́ kan kí òun sì fi òótọ́ bà á jẹ́.

"Adé, mi ò lè fẹ́ ọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Jọ̀ọ́, lọ sílé, kó o tọ́jú màmá rẹ."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì lọ. Adégbọlá gbà pé ojú irọ́ tí Níyì pa ló ń tì í, tí kò fi lè wá jókòó láàárín ẹbí àwọn. Nígbà tó dé Badore, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì pe Níyì ní onírọ́.

Ìyá rẹ̀ ní kó má bú ọmọ yẹn létí òun mọ́ láéláé.

"Kí ló dé, Màámi?"

Ìyá náà ní kó lọ jẹun.