Àmọ̀tẹ́kùn Mélòó Ló Wà Nínú Igbó Yìí?

Nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí i, ọkùnrin náà ń rákòrò lójú ọ̀nà igbó ọba bí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, ó fi bírò há etí, ó ń gbé ejìká ọ̀tún síwájú, ó ń gbé ti òsì tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ sì le koko.

Ọmọbìnrin náà dúró. Kámẹ́rà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wà lábíyá rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun padà, ṣùgbọ́n ó ti tó wákàtí kan tí òun ti ń rìn bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Kí ló sọ nù lọ́wọ́ yín?"

"Kò sí nǹkan tó sọ nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá." Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. "Àmọ̀tẹ́kùn ni mí."

Ọmọbìnrin náà fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Ó dáa. Ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti jẹun."

"Ìyẹn dáa fún èmi náà."

Nǹkan dún *tín* lára igi kan. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ní ojú kékeré kan tó máa ń mọ̀ bí ohun tó ń rìn tó sì gbóná bá kọjá. Bí wọ́n bá so ó ga jù, afẹ́fẹ́ ni yóò yà. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹsẹ̀ nìkan ni. Níwọ̀n bí kò ti sí àmọ̀tẹ́kùn tó máa gbà kí wọ́n pe òun wá fi dánra wò, ẹni tó so ó ló gbọ́dọ̀ rákòrò kọjá níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ dáadáa, nítorí òun ló ń tún gbogbo kámẹ́rà igbó náà ṣe, kò sì sí ẹni tó tíì fi bí wọ́n ṣe ń dán an wò hàn án rí. Ó wo fọ́tò tí kámẹ́rà yà.

"Àmọ̀tẹ́kùn kì í gbé ìdí sókè tó báyìí," ó ní.

"Mo máa ṣe àtúnṣe."

"Ẹ bá mi mú eléyìí," ó ní, ó sì na kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ sí i. Kò tíì dé ilé tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àárín onígbàjámọ̀ àti ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fẹ̀ ju àkéte kan lọ díẹ̀. Ó to nọ́tì wẹ́wẹ́ sínú ìdérí agolo mẹ́tàlá, ó ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó fi ń gbá eruku, ó sì ra ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, èyí tó fi ń gbẹ inú kámẹ́rà tí òjò bá wọ̀. Àǹtí Kámẹ́rà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọkùnrin náà kò níláti sọ orúkọ tirẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n ń pè é, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá ti kó fọ́tò àmọ̀tẹ́kùn jọ sínú àpótí kan. Ó kà wọ́n, ó sì sọ lórí rédíò pé mọ́kànlá ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì rán ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣirò yìí wá láti ka àpótí kan náà. Ó kà á, ó ní mẹ́fà ni.

Ìlú pín sí méjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àwọn tó ní mẹ́fà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì òsì, àwọn tó ní mọ́kànlá sórí ti ọ̀tún. Gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmọ̀tẹ́kùn. Tíṣà kan rí ọ̀kan lórí ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó ti àwọn ọmọ mọ́ kíláàsì títí di ọ̀sán, kí wọ́n tó rí i pé aṣọ ìnura tí ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sá ni. Wọ́n bi Bàbá Mọ́kànlá léèrè bóyá ó ti fi kún iye náà. Ó ní òun kì í ka aṣọ ìnura.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Mẹ́fà gbé kámẹ́rà tí èèrà kọ́ ilé sínú rẹ̀ wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé èyí tí bátìrì rẹ̀ yí orí sódì wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin náà tú kámẹ́rà náà tán pátápátá kó tó rí i pé wọn ò tàn án ni.

"Kámẹ́rà yìí ò ṣàìsàn," ó ní. "Ẹni tó gbé e wá ni mo rò pé nǹkan ń ṣe."

"Ṣé ẹ máa ń tún ìyẹn náà ṣe?"

"Ó sinmi lórí ibi tó ti bàjẹ́."

Láàárín oṣù mẹ́rin, wọ́n ti pa "ẹ" tì, "ìwọ" ló kù. Mẹ́fà ń pè é ní adúmáadán mi, ọmọbìnrin náà ń pè é ní àmọ̀tẹ́kùn mi bí onígbàjámọ̀ ò bá sí nítòsí. Ọjọ́ kan báyìí, ọmọbìnrin náà gbé irin tó fi ń tú nọ́tì sílẹ̀.

"Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹ. Bàbá Mọ́kànlá ni bàbá mi."

Mẹ́fà wá ibi jókòó sí. "Èwo nínú àwọn Bàbá Mọ́kànlá?"

"Mélòó lo ti kà?"

Mẹ́fà na ìka kan, ó sì ká a padà.

"Mo fẹ́ kó o wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú," ọmọbìnrin náà ní. "Bí Bàbá bá bi ẹ́ léèrè iye, sọ pé ẹ ṣì ń kà á."

"A ti kà á tán."

"Mo mọ̀. Sọ pé ẹ ṣì ń kà á."

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Bàbá gbà á dáadáa. Ó fún un lómi, ó béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀, ó béèrè bí ọ̀nà igbó ṣe rí lẹ́yìn òjò. Ọkàn ọmọbìnrin náà ti ń balẹ̀ nígbà tí Bàbá fọwọ́ lé orúnkún.

"Mélòó ni wọ́n?"

"A ṣì ń…" Mẹ́fà wo ojú bàbá arúgbó náà. Ó gbìyànjú, àwọn tó wà níbẹ̀ lè jẹ́rìí pé ó gbìyànjú. "Mẹ́fà ni, sà."

Bàbá dìde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn wẹ́rẹ́. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rin igbó yẹn, ọmọ mi. Ẹni tó bá ní márùn-ún nínú àwọn tí mo kà kò sí, irọ́ ló ń sọ pé mo pa, lórí rédíò. Mi ò lè fún ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ. O kú ìrìn."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà ò tíì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí Mẹ́fà fi dé.

"Mo ní kó o sọ gbólóhùn kan péré," ọmọbìnrin náà ní.

"Jẹ́ kí n fi nǹkan hàn ẹ́." Mẹ́fà to fọ́tò sórí tábìlì. "Igi kan, kámẹ́rà kan. Bí ẹran náà bá ń lọ sódò, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni yóò yà. Bó bá ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Àmì ara rẹ̀ ní òsì kò jọ ti ọ̀tún rárá. Òsì mẹ́fà ló wà nínú àpótí, ọ̀tún márùn-ún. Bàbá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ka ẹran kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni à ń kà, èyí tó bá pọ̀ jù."

Ó yé ọmọbìnrin náà kíákíá, ó sì dùn ún, nítorí òótọ́ ni. Ó tẹ orí ba lórí àwọn fọ́tò ọ̀tún márààrún. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fọwọ́ lé ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́? Ìrù rẹ̀ gé."

"Ọ̀tún nìyẹn. A ò kà á."

"Wo àwọn òsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo wọn ló nírù gígùn. Èyí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn."

"Òfin ni pé kí á mú ẹ̀gbẹ́ kan."

"Òfin lò ń kà àbí àmọ̀tẹ́kùn?"

"Bí kálukú bá ń fi èyí tó wù ú kún un…"

"Bàbá mi ka àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ sọ ẹnì kan nù. Ìwà kan náà lẹ ní, kò sì sí èyí tó máa gbà nínú yín." Ó kó àwọn fọ́tò náà jọ, ó fi lé e lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, mo níṣẹ́ láti ṣe."

Fún ọjọ́ méjìlá, kò sí kámẹ́rà kankan tó ṣàìsàn. Onígbàjámọ̀ pàápàá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá Mẹ́fà ti rìnrìn àjò. Ọmọbìnrin náà tún rédíò mẹ́rin ṣe, ó sì so wáyà ọ̀kan sódì, ohun tí kò ṣe rí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó gbójú sókè, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ kí i.

"Ìrù rẹ̀ gé," Mẹ́fà ní.

"Ẹ káàsán o."

"Mo fi gíláàsì wo gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọ̀tọ̀ ni. Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé mo ṣì í kà, pé kí wọ́n má tíì tẹ nǹkan kan jáde." Ó fi ẹsẹ̀ kan wọlé. "Àwọn ọjọ́ yìí gùn, adúmáadán. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kà wọ́n."

Ọmọbìnrin náà fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó. Mẹ́fà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọmọbìnrin náà láàárín àwọn ìdérí agolo. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ rántí iṣẹ́.

"Bí a bá so kámẹ́rà méjì kojú ara wọn lójú ọ̀nà kan náà," ó ní, "wọ́n á ya òsì àti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ á tán. Mo ní ogún tó ń ṣiṣẹ́."

"Ọ̀nà wo ni a máa so ó sí? Bàbá nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ta ló sì máa sọ fún Bàbá pé ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì?"

Wọ́n lọ bá àbúrò Bàbá obìnrin, ẹni tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì. Ó ń lọ aṣọ nígbà tí wọ́n ń rojọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ẹ fi bọ̀ọ̀dá mi sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Ṣẹ́ẹ̀tì kan wà tí mo ní mo máa rán fún wọn."

Lọ́sẹ̀ náà, Bàbá wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà wò. Aṣọ olódòdó ńláńlá ni. Ó dúró níwájú dígí, ó fajú ro.

"Àbúrò, apá òsì ní òdòdó mẹ́rin. Apá ọ̀tún ní méjì àti ààbọ̀. Ṣé aṣọ méjì lo gé pọ̀?"

"Aṣọ kan ṣoṣo ni."

"Wọn ò jọra."

"Ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì kọ dígí. Ẹ ṣeun. Ẹ wá yí ọ̀tún sí i." Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Bàbá tún dígí náà wò. Ó yí sí òsì fúnra rẹ̀, ó yí sí ọ̀tún. Oníbàárà kan wọlé wá gba síkẹ́ẹ̀tì, ó kí i, kò dáhùn. Ìgbà tí oníbàárà náà fi máa lọ, Bàbá ṣì wà níbẹ̀.

"Ta ló rán ẹ?" ó ní níkẹyìn.

"Ọmọ yín."

"Kò sì lè sọ fún mi fúnra rẹ̀?"

"Ẹni tó sọ fún yín, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un."

Bàbá kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó wọ̀ ọ́ gba ìgboro lọ sí ọ́fíìsì, ó sì bá Mẹ́fà láàárín ìwé.

"Mo ka àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. Ó ní in lára láti sọ ọ́, Mẹ́fà sì fi ọ̀wọ̀ wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà sọ ẹnì kan nù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Onírù-gígé."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ọmọ yín ló fi hàn mí."

Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. "Kó kámẹ́rà yín. Mo máa fọ̀nà hàn yín."

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi so ó méjì-méjì, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Bàbá ní kí wọ́n so ó sí ìwọ̀n orúnkún, Mẹ́fà ní ìka méjì sókè sí i, ọmọbìnrin náà á so ó sáàárín méjèèjì, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n to fọ́tò tuntun sórí tábìlì ilé Bàbá, ọ̀tún mẹ́rin rí òsì tiwọn láàárín àwọn mẹ́fà. Onírù-gígé ní òsì tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Méje.

Bàbá mú ìwé iye náà, ó fa ilà sórí mọ́kànlá fúnra rẹ̀. Ó kọ méje, ó fọwọ́ sí i, ó ti bírò sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Lọ́jọ́ yẹn tó o wá síbí," ó ní, "kí lo tiẹ̀ wá sọ gan-an? Mi ò jẹ́ kó o débẹ̀."

"Mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣe ìyàwó, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti ń tún un ṣe láti ọjọ́ yìí, Bàbá," ó ní. "Kò ní wù mí kí ẹlòmíràn wá gbà á lọ."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ìgbéyàwó, wọ́n ń dúró kí akọ̀wé pè wọ́n. Bàbá ló dé kẹ́yìn. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: abo kan ń kọjá, ọmọ kékeré kan tò tẹ̀ lé e, etí rẹ̀ tóbi ju orí lọ.

"Mẹ́jọ," ni Bàbá wí.

Ọkọ ìyàwó wò ó dáadáa. "Ó rẹwà, sà. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan. Púpọ̀ nínú wọn kì í dàgbà."

"Ẹ kì í kà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ-ọmọ mi tí ẹ máa bí, ṣé ó máa pé ọdún kan kí n tó sọ pé mo ní in?"

Àbúrò Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Akọ̀wé yọjú, ó pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyàwó ń wo àwọn méjèèjì, òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ ìyàwó ronú títí akọ̀wé fi pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó yọ ìwé kékeré láti àpò kóòtù rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó nà án sí Bàbá.

*Méje. Ọmọ kan tún wà tí a ò tíì kà, ṣùgbọ́n a ti rí i.*

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó sì di apá ọkọ ọmọ rẹ̀ mú wọlé.