Ìyókù Omi Màmá

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́; ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe, lábẹ́ iná tó ń tàn yòò, níbi tí kò sí kọ̀rọ̀ kankan tí ohun abàmì lè sá pamọ́ sí.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ òfin kan. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á yẹ ẹrù ọwọ́ rẹ̀ wò. Ohunkóhun tó bá ń ṣàn nínú ẹrù náà, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ òróró, inú ìgò kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: kì í ṣe omi ni wọ́n ń wọ̀n, ìgò ni. Omi inú ìgò ńlá ì báà má ju ẹ̀kán kan lọ, ìgò ńlá ṣì ni. Kò ní kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Aránṣọ ò mọ̀ ọ́n.

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí, nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni. Ó lè máa bá oníbàárà ṣàwàdà, kó má tiẹ̀ wo abẹ́rẹ́, kí òwú sì wọlé. Ọwọ́ yẹn ló fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kó tó di pé àìsàn gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ àbúrò Aránṣọ ọkùnrin, ní ìlú kan tó wà lódìkejì òkun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ń lọ, wọ́n bu omi sínú ìgò kan tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n dé e, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Má da ìyókù nù o," ni wọ́n wí. "Màá padà wá mu ún."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé omi ló wọ́n ni?"

"Èyí ni tèmi."

Ìyá ò padà wá. Eruku bo ìgò náà lóde ara, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ò dín, kò sì dọ̀tí. Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ tí àbúrò pè. Ó ní láti ìjẹta ni ìyá ò ti lè gbé nǹkan kan mì mọ́. Omi tí wọ́n bá fi sí wọn lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló ń gbà jáde. Dókítà ti mi orí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá ń sọ, lábẹ́ èémí: omi mi tó kù sílé.

"Ẹ máa gbé e bọ̀, Àǹtí," ni àbúrò wí. "Bí ẹ bá tètè dé, ẹ ó bá wọn."

Báyìí ni Aránṣọ ṣe dé pápákọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tòun ti báàgì kan. Ìgò wà nínú rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀lù wé e bí ọmọ tuntun.

Ìlà gùn. Ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù ń kùn. Àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà, wọ́n ń tú bẹ́líìtì, wọ́n ń kó fóònù sínú àwo ike. Báàgì Aránṣọ wọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó lọ síwájú, ó tún dúró.

"Ta ló ni báàgì yìí?"

Àgbà obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló béèrè. Ìyá Dà-á-nù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ó mú Aránṣọ lọ sídìí tábìlì kan. Garawa ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, tí wọ́n ń da nǹkan sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tinú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti nù ún. Ìyá Dà-á-nù tú ṣọ́ọ̀lù.

"Kí nìyí?"

"Omi ni, mà."

"Dà á nù."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kò kúkú kún. Ìdajì ni."

"Ìgò la ń wò, ọmọ mi. Dà á nù, kó o máa lọ."

"Ìyá mi ló ni ín. Ara wọn ò yá. Òun ni wọ́n ń béèrè."

"Ò bá ti fi sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Wọn ò sì gba ẹrù mọ́ báyìí." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o ní ìgò kékeré? Bù díẹ̀ sí i, kó o da ìyókù nù."

"Mi ò ní."

Ọkùnrin kan tó ń so okùn bàtà rẹ̀ lẹ́yìn wọn pòṣé. "Nítorí omi lásánlàsàn! Ọkọ̀ ń lọ o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Kí ni kó ṣe? Ká ní ìwọ ni ńkọ́? Ó rò ó pé kóun dé ọ̀dọ̀ ìyá lọ́wọ́ òfo sàn ju kóun má dé rárá lọ. Ó ṣí ìgò náà, ó sì dojú rẹ̀ kọ garawa.

Omi ń dà. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Àbúrò ni. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́, ohùn sì jáde síta.

"Àǹtí! Màmá ń mu omi!"

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ń gbé e mì! Ọ̀fun wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sódò! Ọlọ́run ṣeun o!"

Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Dà-á-nù pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Omi ń dà.

"Ta ló fún wọn mu?"

"Kò sẹ́ni tó fún wọn. Ife gbẹ."

Omi ń dà.

"Ẹ gbà mí o," ni ọkùnrin tó pòṣé yẹn wí, "àbí òkun lẹ gbé dání ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Dà-á-nù wo ìgò náà. Omi inú rẹ̀ ò kúrò ní ìdajì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú garawa. Ó na ọwọ́, ó fi ìka pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbẹ táútáú.

"Àǹtí." Ohùn àbúrò ti yí padà. "Ó ti pọ̀ jù. Ó ń gba imú wọn jáde. Nọ́ọ̀sì ò mọ ibi tó ti ń wá. Àǹtí, Màmá ń rì. Lórí ibùsùn, wọ́n ń rì!"

Aránṣọ gbé ìgò náà nàró.

Ẹ̀rọ ò kùn mọ́. Láti inú fóònù, wọ́n gbọ́ ikọ́ kan, wọ́n sì gbọ́ èémí.

"Ó ti dúró," ni àbúrò wí, jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ Aránṣọ ò gbọ̀n. Ó mú ìdérí, ó dé ìgò náà pinpin, kó má bàa dà mọ́.

"Àǹtí! Wọn ò mí! Ẹnu wọn pa dé, kò ṣeé là! Kí lẹ ṣe? Kí lẹ..."

Ó já ìdérí náà kúrò. Ìyá mí, èémí gígùn kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú odò.

Kò tún sí ẹni tó nílò àlàyé níbẹ̀. Bí ìgò bá dojú dé, ìyá á rì. Bí wọ́n bá dé e, èémí á tán. Kó wà ní ṣíṣí, kó sì wà ní òró: ìyẹn nìkan ló kù.

Ìyá Dà-á-nù sáré pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó ń tún táì rẹ̀ so.

"Ṣé omi ni?"

"Omi ni, sà, àmọ́..."

"Ṣé ìgò náà tóbi ju ti òfin lọ?"

"Ó tóbi, sà."

"Kí lẹ wá ń pè mí fún?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Aránṣọ kọjú sí Ìyá Dà-á-nù. "Ẹ bá mi gbé e dání, mà. Kí n sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má dé e, ẹ má sì jẹ́ kó dà."

"Ọmọ mi, títí di ìgbà wo?"

"Ẹ ṣàánú mi."

Ìyá Dà-á-nù na ọwọ́ méjèèjì. Ó gba ìgò náà níbi ọrùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni gba ẹyin. Ohùn kan jáde nínú fóònù. Kì í ṣe ti àbúrò. Ti ìyá ni, ó já gaara, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ tábìlì níbẹ̀ ni wọ́n wà.

"Ta ló fi rọ́bà dì mí lọ́rùn mú?"

Ìyá Dà-á-nù ké. Díẹ̀ ló kù kí ìgò náà bọ́, Aránṣọ ti gbà á. Obìnrin náà já ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò, ó jù wọ́n sínú garawa, ó sì ki ọwọ́ bọ abíyá. Kò tún nà án mọ́.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pe àwọn tó ń lọ sí ìlú àbúrò. Ìpè ìkẹyìn ni. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà lọ sídìí ọkọ̀ ò jìnnà rárá. Aránṣọ ń rí i láti ibi tó dúró. Ó gbé ìgò náà mọ́ àyà.

Nínú fóònù, ó gbọ́ tí ìyá ń bi àbúrò léèrè. "Ṣé ó ti ń bọ̀?"

"Ó ti wọkọ̀, Màmá. Ó ti ń bọ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Ojú kan ló dúró sí. Mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Sọ fún un kó máa bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Fóònù kú. Iná inú rẹ̀ ló tán. Ìyá Dà-á-nù wá okùn tí wọ́n fi ń gbaná sí i káàkiri, kò rí èyí tó bá a mu.

Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n gbọ́ ọ nígbà tó ń kọjá lórí òrùlé. Ìlà tuntun ti tò, ẹ̀rọ ti tún ń kùn, àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà. Ìyá Dà-á-nù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ "dà á nù" fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣe ló ń nawọ́ sí garawa lásán. Ó ti gbé àga kan wá fún Aránṣọ. Aránṣọ ò jókòó. Ẹni tó bá jókòó lè sùn.

Mi ò lè sọ fún yín bóyá ìyá ṣì wà láàyè. Aránṣọ náà ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ìgò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ òun láyà, omi inú rẹ̀ sì wà ní ìdajì. Ó tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń tẹjú mọ́ aṣọ iyebíye. Ojú omi náà tẹ́jú bíi dígí.

Nígbà tó yá, ó mì.

Ó rò pé ẹ̀rọ ló ń mì í. Ẹ̀rọ ti dúró. Ó rò pé ọkọ̀ mìíràn ló ń gbéra. Ó fetí sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan.

Ìgbà náà ló tó wo ọwọ́ rẹ̀.