Ohun tí Ọ̀dà Bò Mọ́lẹ̀

Kí alágbàfọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Elétí ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọbìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ ọ̀hún ni yóò gba oorun lójú òun.

Mẹkáníìkì ni Elétí. Ó máa ń fi ọ̀pá irin gígùn kan ti ẹ́ńjìnnì, á gbé etí lé orí kejì, á sì sọ fún ọ pé pọ́ǹpù omi rẹ kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bó bá ṣe sọ ọ́ náà ni yóò rí.

Ọkọ̀ akẹ́rù gíga ni ọkọ̀ alágbàfọ̀ yìí, irú èyí tí ènìyàn ń nàró nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Alágbàfọ̀ ní ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló ń yẹ̀ kúrò lójú irin, kí Elétí jọ̀ọ́ bá òun ṣe é kíá, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ló kún inú rẹ̀.

Elétí ṣe ilẹ̀kùn tán, ó wá yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi èékánná ha ọ̀dà. Ọ̀dà ṣí, pọ́tì tí wọ́n fi dí ihò lábẹ́ rẹ̀ já bọ́, ìka rẹ̀ sì wọ inú irin lọ bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka bọ búrẹ́dì.

Nígbà tó jáde, ó bi alágbàfọ̀ pé ta ló bá a ra ọkọ̀ náà. Ọmọbìnrin náà ní bàbá òun ni.

"Aǹtí, irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún tán, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó," ni Elétí wí. "Gíàbọ́ọ̀sì náà ń kú lọ. Tí a bá ní ká pààrọ̀ rẹ̀, ìdajì owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ ni."

Alágbàfọ̀ jókòó lórí ẹrù aṣọ. Ó ṣàlàyé pé káfíńtà ni bàbá òun. Ogójì ọdún ló fi kan pákó, ìka lásán ló fi ń mọ èyí tó ti jẹrà nínú. Ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó ló tà kó tó ra ọkọ̀ yìí fún òun. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó ń fìka kàn án wò kọ́ kọ́ kọ́, ó sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé ojúlówó lòun rà.

"Ẹ má jẹ́ kó mọ̀," ló wí. "Ẹ ṣèlérí fún mi."

Elétí ṣèlérí. Ìlérí yẹn ló padà dè é lọ́wọ́, tó dè é lẹ́sẹ̀.

Lóṣù yìí, kílọ́ọ̀ṣì. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, rédíétọ̀. Ó tún di bíréèkì. Owó ohun èlò nìkan ni Elétí ń gbà, kò gba owó iṣẹ́, síbẹ̀ owó ìfọṣọ ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń bá a lọ. Alágbàfọ̀ kò mọ bí yóò ṣe dúpẹ́. Ó gba aṣọ iṣẹ́ Elétí tó ti dúdú fún ọ́ìlì, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e padà pẹ̀lú ojú ìlọ̀ tó mú ṣáṣá. Àwọn mẹkáníìkì tó kù bi Elétí bóyá báńkì ló ti gba iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé. Elétí kọ́ ọ bó ṣe máa tu ọkọ̀ náà lójú.

"Ayọ̀ mi, tó o bá ti rí òkè, tètè bọ́ sí gíà kejì. Má dúró dìgbà tó bá ké."

Nígbà òjò, Bàbá Káfíńtà fi pákó pẹlẹbẹ tuntun tẹ́ inú ọkọ̀ náà. Àwọn méjèèjì rò pé ó fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ọjọ́ tí Elétí lọ tọrọ ọmọ, bàbá kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kàn wò, tó le koko," ni bàbá wí. "Àtìgbà tó ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ ni kò ti gbádùn mọ́. Ò ń bà á jẹ́ kí ọmọ mi lè máa padà wá."

Elétí wo alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ń wo ẹsẹ̀ àga. Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò dá a láre, kò sì lè sọ ọ́. Ó dìde, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, alágbàfọ̀ wá bá a, ó ń sunkún. Ó ní òun ò lè sọ fún bàbá òun, ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó yẹn nìkan ló ní láyé kó tó tà á.

"Èmi ńkọ́?" ni Elétí bi í.

Alágbàfọ̀ sún mọ́ ọn. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì ní ṣọ́ọ̀bù Elétí, Bàbá Káfíńtà dá wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ páálí, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Elétí gbọ́ tó kàn án, kọ́ kọ́ kọ́.

"Mo mọ̀," ni bàbá wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Láti òjò àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Omi ń gba abẹ́ wọlé. Mo fi pákó bò ó kí ọmọ mi má bàa rí i."

Elétí lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"O mọṣẹ́, o ò sì jà wá lólè; irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi fún ọ. Gbogbo ìgbà tó o bá kí mi, ìtìjú mi ni màá máa rí lójú rẹ. Dákun, má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀. Ṣèlérí fún mi."

Elétí ṣèlérí. Kí ló tún kù tí ì bá ṣe? Ó na ọwọ́, ó sì fa bàbá arúgbó náà dìde.

Lọ́sàn-án, alágbàfọ̀ wá gba ọkọ̀. Ó ní bàbá òun ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nítòsí ilé, òun kò sì lè kọ̀ sí i lẹ́nu. Ó gbé aṣọ iṣẹ́ tó lọ̀ lé Elétí lọ́wọ́.

"Elétí mi, má bínú sí mi."

Elétí la ẹnu. Gbólóhùn méjì ni ì bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ṣùgbọ́n ìlérí méjì ló ti gbé e mì. Bó bá sọ̀rọ̀, ìtìjú bàbá ni yóò di ti ọmọ, ọmọ kò sì ní lè wo ojú bàbá mọ́.

"Mi ò bínú. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí. "Má gbàgbé gíà kejì."

Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde, Elétí kò wò ó. Ó kàn ń gbọ́ ọ. Ní ìsàlẹ̀ òkè, kí ọkọ̀ tó ké, alágbàfọ̀ ti bọ́ sí gíà kejì, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ títí tó fi rékọjá òkè, ó sì mọ̀ nínú ohùn rẹ̀ pé gíàbọ́ọ̀sì náà kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ. Lọ́jọ́ tó bá kú sójú ọ̀nà, ẹlòmíràn ni alágbàfọ̀ yóò ránṣẹ́ pè.