Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Iyọ̀

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, jọ̀wọ́ jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Delmar Prusak ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kò sì dùn ún sọ.

Delmar ní ọkọ̀ kan ní ìlú Warren, ní Michigan: Pontiac pupa, ti ọdún 1967, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ti tẹ iná mọ́ ọn, àwọn aládùúgbò á di etí, Delmar á sì máa rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Kì í mutí, kì í jalè, kò na ìyàwó rí. Ọkọ̀ yẹn ni òrìṣà rẹ̀.

Loretta, ìyàwó rẹ̀, a máa sọ fún àlejò pé, “Èmi ni ìyáálé o, ìyàwó kékeré wà ní gáréèjì ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ sì mọ èyí tí ọkùnrin máa ń kẹ́.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ní òfin kan. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kó lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi fọ títì mọ́, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó bá gbé e jáde, wèrè ni wọ́n ń pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, Loretta wà nídìí sítóòfù nígbà tó di àyà mú, tó sì jókòó sílẹ̀.

“Del, àyà mi. Gbé mi lọ sọ́sibítù.”

Delmar sáré lọ sídìí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Òtútù ti pa bátìrì rẹ̀. Ó tẹ áńbúláǹsì láago. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àmọ́ jàǹbá pọ̀ lójú títì láàárọ̀ yẹn, kó ní sùúrù díẹ̀.

Ìṣẹ́jú méje péré ni ọsibítù sí ilé wọn. Pontiac wà ní gáréèjì, àná ló tan án wò. Yìnyín ti yọ́ lójú títì tó lọ síbẹ̀, iyọ̀ ló funfun lórí rẹ̀.

Loretta wo ilẹ̀kùn gáréèjì. “Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Wọ́n á dé báyìí,” Delmar dáhùn. “Fara balẹ̀, wọ́n ti ń bọ̀.”

Kò bi í mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi dé, Loretta sì ti kú lórí itan ọkọ rẹ̀.

Colleen, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dé láti Ohio fún ìsìnkú. Ó bi í pé, “Dádì, Pontiac yẹn ò ṣiṣẹ́ ni?”

“Mo ti yọ bátìrì rẹ̀,” ni Delmar wí. Irọ́ ni.

Colleen dì mọ́ ọn. “Ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, Dádì.” Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ti kọ̀ tí kò lọ lọ́nà ọ̀fun bàbá yìí mọ́.

Orville Teasley, díákónì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá fún un.

“Orville, má wàásù fún mi o.”

“Ta ló ń wàásù? Ọbẹ̀ ni mo gbé wá. Jẹun, ọ̀gbẹ́ni.”

Delmar bu síbí kan, ó gbé e sílẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. “Ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́, Orville. Mo kàn dúró ni. Nítorí iyọ̀.”

Orville fa àga sún mọ́ ọn. “Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ẹ̀bi rẹ ni. Irú ẹ̀ gan-an sì ni Jésù kú fún.”

“Loretta ò lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi mọ́.”

“Kò lè gbọ́. Ọlọ́run ń gbọ́. Sọ fún un bó o ṣe sọ fún mi, lẹ́yìn náà kó o sọ fún Colleen.”

“Ọmọ yẹn á kórìíra mi.”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣáà sọ fún un.”

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Àdúrà Delmar kò gùn: “Olúwa, mo fi ìyàwó mi ṣe pàṣípààrọ̀ irin. Ṣàánú mi nítorí Jésù.” Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run sì gbà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú, ó jẹun yó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló pe Colleen. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọdún kejì rèé. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Delmar ń pè é lẹ́yìn ìsìn. Kò tíì gbé e.

Ọ̀rẹ́ mi, má sọ fún mi pé o kò ní ọkọ̀. Kí ni ìwọ ń ṣìkẹ́ tí ẹni tó ń pè ọ́ fi ń jìyà? Delmar rí ìdáríjì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n inú àwòrán ìwé ètò ìsìnkú ló ti ń wo ojú ẹni tó yẹ kó bẹ̀. Tìrẹ lè ṣì wà nínú yàrá kejì bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù, kó o gbà á ní Olúwa rẹ lónìí. Tó o bá ti wí àmín, dìde, kó o lọ kan ilẹ̀kùn yàrá yẹn.