Etíkun Tí Sewanu Kò Fẹ́ Débẹ̀

"Ibi tí gbogbo èrò Èkó ń wá yìí ti sú mi," Dúródọlá wí, ó sì ju ìkarahun ọwọ́ rẹ̀ sínú òkun. "Ṣé kò síbòmíràn ní erékùṣù yín yìí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ̀dínátù. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọmọ agbaṣẹ́ṣe olówó ni Dúródọlá. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí omi lásìkò náà, bàbá rẹ̀ sì ti mú un dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Mọ̀dínátù, ọmọ aláṣọ ní Ibereko, kò ní ibi kankan tí ó lè fi yangàn ju ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ, níbi tí ọ̀sà àti òkun ti há erékùṣù náà sáàárín. Ibẹ̀ ló mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lo ìsinmi.

Sewanu, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí, ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kiri. Ó ti fi adágún omi dídùn tó wà láàárín igi àgbọn hàn wọ́n, àti ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí iyanrìn bò dé ọrùn, tí akàn fi ṣe ilé.

"Mú wa lọ sápá ìwọ̀-oòrùn," Mọ̀dínátù sọ fún un.

"Bàbá ní a ò gbọdọ̀ débẹ̀."

"Bàbá ti lọ pẹja. Àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́?"

Dúródọlá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ta Sewanu lára bí ata. Ó mú àjẹ̀.

Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi kọjá, nígbà tí wọ́n sì yọ sí òdìkejì, iyanrìn funfun báláú ló pàdé wọn. Dúródọlá fò sílẹ̀, ó yọ kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí àwọn ọkùnrin tó ń yí dúrọ́ọ̀mù epo bẹntiróòlù láti abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lọ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Onífàyàwọ́ ni wọ́n, òdìkejì bodè ni wọ́n ń kó epo náà lọ.

Ọ̀kan nínú wọn, géńdé onírùngbọ̀n, ti dé ọ̀dọ̀ Dúródọlá kí wọ́n tó lè sá. Ó já kámẹ́rà gbà, ó fi gbá a lẹ́nu. Eyín kán, ẹ̀jẹ̀ bo àgbọ̀n rẹ̀.

"Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló rán yín wá."

Sewanu fi èdè Gun bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ Dosu apẹja ni òun. Ọkùnrin náà ta á nípàá níkùn. Sewanu dìde, ó fẹ́ já Dúródọlá gbà, ọkùnrin náà sì yọ àdá. Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ òsì láti fi dá àdá náà dúró. Ìró tí Mọ̀dínátù gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gé ìrèké. Ìka jábọ́ sórí iyanrìn.

Ẹsẹ̀ Mọ̀dínátù ti wà nínú omi, ọkọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè sá. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ ló gbé, ó sì là á mọ́ ọkùnrin náà ní ìpàkọ́ títí ó fi kúnlẹ̀. Òmíràn gbá a mú, ó tẹ orí rẹ̀ bọ omi. Iyọ̀ àti iyanrìn kún ọ̀fun rẹ̀, etí rẹ̀ ń hó, ayé ń ṣókùnkùn lọ, kí ó tó gbọ́ tí ẹnìkan nínú àwọn onífàyàwọ́ náà ń sọ pé, "Fi í sílẹ̀. Mo mọ Dosu. Bí ẹ bá pa ọmọ rẹ̀, gbogbo apẹja á dìde sí wa."

Wọ́n tì wọ́n sínú ọkọ̀. "Bí ẹ bá yanu, a mọ ilé yín."

Mọ̀dínátù ló wa ọkọ̀ padà. Dúródọlá fi gèlè di ọwọ́ Sewanu, ó ń sunkún. "Ẹ jẹ́ ká ní àgbọn ló ń là tí àdá fi gé e," ó wí.

Dosu, bàbá Sewanu, ti ti òkun dé, ó ń dúró létí omi. Mọ̀dínátù kúnlẹ̀. "Bàbá Sewanu, èmi ni. Èmi ni mo fi ẹ̀rù bú u kí ó lè mú wa débi tí ẹ ní a ò gbọdọ̀ dé." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n," Bàbá wí. "Mo dákẹ́ kí wọ́n má baà fọwọ́ kan ilé mi. Èmi náà jẹ̀bi."

Wọ́n gbé Sewanu lọ sí ọsibítù ní Badagry. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn apẹja kó àdá àti kùmọ̀ lọ sápá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n bá àwọn ọkùnrin náà jà, wọ́n dáná sun ọkọ̀ wọn. Èéfín dúdú bo etíkun títí di àárọ̀, apẹja méjì sì fi ara pa yánnayànna.

Ọwọ́ Sewanu san, ṣùgbọ́n kò lè di àwọ̀n mú mọ́. Nígbà tí Mọ̀dínátù wá kí i ní ìsinmi tó tẹ̀lé e, omijé dé sí ojú ọmọbìnrin náà.

"Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn," Sewanu wí. "Ó yẹ kí n gbà bẹ́ẹ̀."

"Kò yẹ kí n bi ọ́ pé ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́," Mọ̀dínátù fèsì.

Ọmọdé ń gégi, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Kò sí ohun tó burú nínú kí èwe fẹ́ mọ ibi tí ẹnìkan kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹlòmíràn sínú ewu nítorí kí ọ̀rẹ́ lè yìn ín, ara ẹni ẹlẹ́ni ló fi ra ìyìn náà, kò sì sí ohun tí yóò fi san án padà.