Òǹkàwé Ọjọ́ Ẹtì

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: wọ́n máa fẹ́ra wọn. Ẹ sáà jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Tíṣà kó tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì, lẹ́yìn ààwẹ̀, ìjọ a máa jẹun pọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì: búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí kò lẹ́ran. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì. Ẹnì kan á máa ka Bíbélì sókè títí abọ́ á fi ṣófo, òun lá sì jẹun kẹ́yìn. Tíṣà ló gba iṣẹ́ náà. Ó ní nítorí ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ọkùnrin tó máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn “Àmín,” kó lè gbọ́ bí ohùn òun ṣe ń padà bọ̀ lára ògiri!

Ó ń kàwé lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan wọlé tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó di bàbá arúgbó kan lápá mú, òjò ń kán tó-tó-tó ní etí fìlà rẹ̀. Tíṣà fo odindi ẹsẹ kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì ti wà lára àwọn tó ń bu oúnjẹ. Ó gbé abọ́ wá bá a.

“Ẹ jókòó, Tíṣà. Àbí ohùn yẹn lẹ máa jẹ?”

“Ṣé ó dùn?”

“Mi ò mọ̀ o. Ẹ̀wà ni mò ń bù.”

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn, kò sì pẹ́ tí nọ́ọ̀sì náà fi gbà fún un. Àmọ́ bàbá rẹ̀ arúgbó yẹn! Sójà àtijọ́ ni. Bí Tíṣà bá ti ń kàwé, á tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu, á fajú ro. Bí Tíṣà bá kí i, kì í dáhùn. Wọ́n ní ó ti lé ọkùnrin méjì tó wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ dànù. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ọ̀rọ̀ kà.

“Olólùfẹ́ mi, bàbá rẹ kórìíra mi.”

“Ojo! Lọ bá wọn sọ ọ́ kí Lẹ́ńtì tó parí. Èmi nìkan ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá kọ̀, mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ wá bá ẹ.”

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Tíṣà ò sùn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Bàbá fajú ro, ó wò ó lẹ́nu pẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀. Lójijì ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọwọ́ Tíṣà, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Omijé bọ́ lójú Tíṣà. “Ṣé o rí i? Ohùn yìí ló wọ̀ wọ́n lọ́kàn.”

Nọ́ọ̀sì nu ojú fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì sọ ọ́ sí i létí.

“Ọkọ mi, àná ni mo ti fọwọ́ ṣàlàyé ẹ fún wọn, wọ́n sì gbà. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ. Adití ni bàbá mi.”