Ìkòkò Òdòdó Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Aláago ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ló ṣì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rú gbogbo àdúgbò lójú. Ọkùnrin tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn kan ní ìlú ńlá ni. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti kun ilé, ó ti ra ọkọ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ìyàwó rẹ̀ nìkan lẹ́nikẹ́ni ò rí mọ́. "Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun," ni Aláago máa ń wí. Bó bá sì jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, bí èrò ṣe lè pọ̀ tó, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á dé ibẹ̀, ara wọn á kàn bù rìrì, wọ́n á kọjá.

Ẹni tó ń wò ó jù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan táwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Onítáì, torí kò sí ọjọ́ tí kì í so táì mọ́rùn. Wọn ò mọ̀ pé táì yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe akọ̀wé ti kógbá sílé, kò sì tíì lẹ́nu láti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀, àwọn méjèèjì á jọ jáde. Wọ́n á jọ wọkọ̀. Ìyàwó á gbé orí lé e léjìká, á sùn fọnfọn títí dé ìlú ńlá, níbi tó ti ń ṣe onídìrí. Ọkọ á juwọ́ sí i, á yí kọ́nà kan, á wọ ọkọ̀ tó ń padà bọ̀.

Orí èjìká yẹn gan-an ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọn ò tíì mọ ara wọn, oorun gbé ọmọge náà, orí rẹ̀ sì balẹ̀ sí èjìká àlejò. Onítáì ò lè jí i. Ó jókòó kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbóòórùn òróró irun rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé tuntun, ìkòkò pupa kan ló gbé lé itan nínú ọkọ̀ fún un. Òdòdó funfun ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀.

Ìkòkò yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé náà, ibi oorun lásán ni, gbogbo iṣẹ́ wà ní ìlú ńlá. Kọ́lékọ́lé kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀: ògiri kan náà, fèrèsé kan náà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ́kú tí ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn ẹlòmíì. Ẹni tó bá ti iṣẹ́ dé, tí oorun ń kùn lójú rẹ̀, kò lè mọ tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ṣẹ̀rín pé ọkùnrin kan wọlé onílé, ó jẹun tán, ó nu ẹnu, kó tó gbójú sókè wo obìnrin tó bu oúnjẹ fún un. Obìnrin náà ò sì tíì wo ojú rẹ̀, àárẹ̀ ń ṣe òun náà. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi gbé àmì sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹnìkan gbé táyà tí wọ́n kùn ní funfun. Ẹnìkan gbé garawa àwọ̀ ewé. Ilé kan ṣoṣo ni kò ní àmì.

Lọ́jọ́ kan, Onítáì sún mọ́ Aláago ní ibùdókọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ là mí lójú. Ibo lẹ gbé e gbà?"

"Àbúrò, kọ́kọ́ bi mí ìdí tí mi ò fi ń wa mọ́tò mi."

"Ẹni tó ní mọ́tò, bó bá wù ú kó rákò! Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi hàn mí."

Aláago wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ilé tí kò ní àmì," ló wí. "Ọ̀sán ni kó o lọ."

Ọ̀sán gangan ni ìlú yẹn ń bani lẹ́rù. Kò sí ọmọ tó ń sunkún, kò sí rédíò tó ń ké. Ilẹ̀kùn lórí ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ pa dé, bí ojú òkú. Onítáì ń gbọ́ bàtà ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kó tó kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó la ẹnu láti kí onílé.

Ìka gbígbẹ kan bò ó lẹ́nu.

"Má kí ilé yìí," ni ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kan wí. "Bó o bá ṣì fẹ́ jáde, má kí i."

Oníṣègùn tó ni ilé náà nìyẹn, Baba Káàbọ̀. Kò wọ ẹ̀wù oògùn, kò so ońdè mọ́ apá. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀, ó fi sálúbàtà sẹ́sẹ̀, bíi bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Onítáì tẹ̀ lé e, ìrìn ò sì ṣòro fún un nínú òkùnkùn náà, torí bí ilé òun gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ibi tí àga rẹ̀ wà nílé nìyí. Yàrá nìyí. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé sítóòfù sí nìyí, ṣùgbọ́n igbá ńlá kan ló wà níbẹ̀, tí aṣọ pupa bò. Aṣọ náà ń wú, ó ń rọ̀. Ó ń wú, ó ń rọ̀. Bí àyà ẹni tó ń sùn.

Bàtà obìnrin ló tò lẹ́sẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n nu gbogbo wọn.

"Ta ló ń sùn lé ọ léjìká?" ni Baba Káàbọ̀ bi í.

"Baba?"

"Mi ò bi ọ́ pé ta lo fẹ́ràn. Èyíinì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ta ló ń dijú lé ọ lára láìbẹ̀rù?"

Ọwọ́ Onítáì lọ sí èjìká ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́.

"Ẹ̀hẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá korò lẹ́nu owó, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fọkàn tán ni ló ń dùn mọ́ ọn."

"Mi ò lè pa èèyàn, Baba."

Bàbá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kéékèèké bíi t'ọmọdé. "Ta ní kó o pa èèyàn? Ṣé mo gbé ọ̀bẹ lé ọ lọ́wọ́ ni? Ìkòkò òdòdó lásán ni. Gbé e kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yín, gbé e sẹ́nu tèmi. Yóò ti rẹ̀ ẹ́. Yóò rí òdòdó rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á ṣílẹ̀kùn. Yóò ní, 'Ẹ kú ilé o.' Èmi á ní, 'Káàbọ̀.' Ó parí." Ó gbé ọwọ́ lé aṣọ pupa náà, ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó rinlẹ̀:

"Ẹsẹ̀ kì í kọ ọ̀nà tó ti mọ̀.
Ilẹ̀kùn kì í bi ẹni tó ń wọlé léèrè.
Ẹni a kí tó dákẹ́, kò gba nǹkan kan;
ẹni a kí tó jẹ́, òun ló lẹni tó kí i.
Ilé, lanu! Ilé, pa ẹnu dé!"

Nínú igbá, ẹnìkan mí kanlẹ̀. Obìnrin ni. Ó mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí lójú oorun, tí kò fẹ́ dìde.

Ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára Onítáì. "Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"O ti rí ilé mi. Ilé mi náà ti rí ọ. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kí mi."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ na ẹsẹ̀ lé e lórí itan. "Ọkọ mi, ẹ bá mi fọwọ́ ra á. Ìdúró pa mí lónìí." Ó yán. "Bí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sídìí owó, kẹ́ ẹ máa fi táì yín dẹ́rù ba àwọn oníbàárà." Ó ń rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e. Onítáì ń wo ẹsẹ̀ wíwú náà. Ó ń fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù, ó ń fojú inú wo ilé ńlá nínú ìlú ńlá, ó sì ń gbọ́ ẹni tó ń mí nínú igbá. Ìbẹ̀rù àti ojúkòkòrò di ọwọ́ rẹ̀ mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kejì pọ́n, ó gbé ìkòkò náà. Kò wúwo. Ohun tó dẹ́rù bà á jù nìyẹn. Erùpẹ̀ díẹ̀ dà sí bàtà rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí kò ní àmì, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ náà ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ó sá lọ sí ibùdókọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ dé. Aláago sọ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ láàárín wọn. Ó rí erùpẹ̀ lórí bàtà rẹ̀.

"O ti ṣe é." Aláago mí kanlẹ̀. "O ò bi mí ìdí tí mi ò fi ń wa mọ́tò."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Nínú mọ́tò, àwa méjèèjì nìkan la máa ń wà."

Ó fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọrùn dé èjìká, awọ ara rẹ̀ ti funfun, ó ti hunjọ, ó ń bó, bí ọwọ́ ẹni tó ti pẹ́ nínú omi. Ó rin gbingbin. Bí Onítáì ṣe ń wò ó, ibẹ̀ tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ẹni tí a ò rí bá sún orí síbi tó rọ̀.

"Ìyàwó mi ni, àbúrò, òkú kọ́. Òkú ì bá tutù. Ó gbóná. Ó ń mí sí mi lọ́rùn tọ̀sán tòru. Mo ra bẹ́ẹ̀dì tó wọ́n jù, mi ò lè sùn, torí òun ló ń sùn." Ó bú sẹ́kún. "Ó sì tún ń wúwo sí i."

Fèrè ọkọ̀ kejì dún. Èrò tú jáde bí omi. Onítáì fò dìde, ó ń wá ìyàwó rẹ̀, gèlè aláwọ̀ òfeefèé rẹ̀ ti kọjá géètì. Ó pariwo, ariwo irin bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ya èrò.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni ẹnìkan kígbe mọ́ ọn. Kò wẹ̀yìn.

Bó ṣe yọ sí ojú pópó wọn, ó rí i. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó já ewé gbígbẹ kan kúrò lára òdòdó. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbẹ́sẹ̀ wọlé.

"Ẹ kú ilé o!"

Gbogbo ojú pópó pa lọ́lọ́. Nínú ilé, ẹnìkan fa èémí, kó lè dáhùn.

"KÁÀBỌ̀!"

Onítáì ló ké e láti òdìkejì títì. Ó ké e débi pé ẹ̀jẹ̀ ta sí i lọ́fun. Ìyàwó rẹ̀ yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ah-ah, ṣé ìta lẹ wà ni? Ta ló wá tan..." Lẹ́yìn náà ló rí àwọn bàtà. Ó dá ọ̀kan mọ̀. Bàtà ìyàwó Aláago ni, èyí tó ní òdòdó kékeré lórí. Ó já síta bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀, ó gbá ìkòkò rẹ̀ mọ́ àyà.

Baba Káàbọ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú. "O yá jù mí lọ, ọmọ mi," ló wí. "Kò burú. Ẹnìkan ṣì kù."

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n pè dé, ilé ti ṣófo. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí bàtà, kò sí igbá.

Nínú ilé tiwọn, ìyàwó dúró. Kò jókòó. "Ọkọ mi, ta ló gbé ìkòkò mi débẹ̀?"

Onítáì la ẹnu, irọ́ ò jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iṣẹ́ tó bọ́ dé orí igbá.

Obìnrin náà wò ó títí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló ń pè é.

"Ìwọ," ló wí wẹ́rẹ́. "Ìwọ lo gbé e."

Ó lọ sílé ìyá rẹ̀ níbi tó jìnnà. Ohun kan ṣoṣo tó gbé kúrò nínú ilé náà ni ìkòkò òdòdó.

Ìgbà ń lọ. Onítáì ríṣẹ́ mìíràn ní ìlú ńlá. Ó tún di èrò ọkọ̀ bíi ti gbogbo ayé. Èjìká rẹ̀ ṣófo, ó sì fúyẹ́ débi pé ó ń dùn ún. Kò kí ilé mọ́ bó bá wọlé, ó ti búra fún ara rẹ̀. Ta ló sì fẹ́ kí? Ó kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún kọ òmíràn. Èsì ò wá.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn ń wọ̀, àárẹ̀ ti sọ ọ́ di ewé gbígbẹ. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti ibùdókọ̀, ojú rẹ̀ ti fẹ́ pa dé. Ó gbójú sókè.

Ìkòkò pupa. Òdòdó funfun. Lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó ti dé! Adúmáradán rẹ̀ ti foríjì í, ó ti padà wálé! Kò ka ilé, kò wo òsì, kò wo ọ̀tún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wọnú òkùnkùn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ìfẹ́ sì mú un gbàgbé ìbúra.

"Ẹ kú ilé o, olólùfẹ́ mi!"

Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Káàbọ̀," ni ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kan wí láti ilé ìdáná.

Níbi tó jìnnà, nílé ìyá rẹ̀, obìnrin kan ń bomi rin òdòdó funfun nínú ìkòkò pupa. Láti ọjọ́ tó ti gbé e dé ibẹ̀, ìkòkò náà kò kúrò lójú kan rí.